Níbo ni ọ̀rọ̀ "stevedore" ti ṣẹ̀: ẹni tó ń ru ẹrù ni, àbí ẹni tó ń kì í?

Àdìó Onítumọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá síwájú yín: stevedore. Òṣìṣẹ́ èbúté ni wọ́n ń fi pè. Àlàyé mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí ibi tó ti wá. Àwọn kan ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, pé Steve àti "door" ni wọ́n so pọ̀. Àwọn mìíràn ní inú "stow", tí í ṣe kí a to ẹrù, ló ti jáde. Àwọn tó kù ní ọ̀rọ̀ Sípéènì ni. Bí a bá sì ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, "alábàárù" ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sẹ́nu, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ èbúté, ẹ bá wa tú u.

Ìyá Gírámà

Ẹ ṣeun, Àdìó. Ti Steve àti door yẹn, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sílẹ̀, àròsọ ni. Ti Sípéènì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju Sípéènì lọ.

Nínú èdè Látìn, "stipare" ni kí a ki nǹkan, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí kò fi ní sí àlàfo láàárín. Àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di "estibar", ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì di "estibador". Àwọn Pọtogí ní "estivar" àti "estivador". Títí di òní, "stiva" ni àwọn ará Ítálì ń pe ikùn ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ wo ohun tí ẹnu ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu ará Sípéènì kì í fi s àti kọ́ńsónáǹtì mìíràn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó máa ń fi e ṣíwájú wọn. Bí "schola" ti Látìn ṣe di "escuela" nìyẹn, bí "stipare" náà sì ṣe di "estibar". Ẹnu tiwa náà kọ irú ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀, àmọ́ àárín ni àwa máa ń fi fáwẹ́ẹ̀lì sí: sítóòfù, sítọ́ọ̀, súkúù. Ìyípadà kejì ni ti p tó di b láàárín fáwẹ́ẹ̀lì méjì, bí "lupus" ṣe di "lobo" àti "sapere" di "saber". B ti Sípéènì yìí rọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí etí Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń gbọ́ ọ bíi v, v gan-an sì ni ti àwọn Pọtogí. Nígbà tí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n já e iwájú dànù, wọ́n fi e sí ìparí. Ó di stevedore.

Ti ọdún ńkọ́? 1788 ni ìwé atúmọ̀ Merriam-Webster fi sí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lákọsílẹ̀. Noah Webster fi í sínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1828 ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti to ẹrù sínú ikùn ọkọ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ nípa rírù.

Ní ti "stow", kò bá stevedore tan. "Stōw" ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ túmọ̀ sí ibi, ó ṣì wà nínú orúkọ ìlú bíi Felixstowe, tó sì jẹ́ pé Felixstowe náà ni èbúté kọ̀ǹténà tó tóbi jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Láti "ibi" ló ti di "fi sí ibi rẹ̀", lẹ́yìn náà "to ẹrù". Ìró àti ìtumọ̀ wọn pàdé lójú ọ̀nà ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìbátan stevedore gidi ni "constipation", àìrígbẹ̀yà. "Stipare" kan náà ló wà nínú rẹ̀: ohun tí a kì pọ̀ tí kò lè lọ mọ́.

Dẹ̀jọ

Ẹ̀kọ́ ńlá rèé o, Ìyá wa. Ohun kan ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ kíkì ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ? Ẹrù gbígbé ni gbogbo wa ń rí léèbúté.

Tálì Àpápá

Dẹ̀jọ, ohun tá à ń rí látòkè ni ìyẹn. Iṣẹ́ gan-an wà nísàlẹ̀, nínú ikùn ọkọ̀.

Òṣùwọ̀n méjì ni ọkọ̀ ojú omi ní: ìwọ̀n tó lè gbé, àti àyè tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá di irin sí i, yóò ti rì dé ojú àmì tí wọ́n kùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ tó kún dé ìdajì. Ṣùgbọ́n irun àgùntàn, awọ màlúù gbígbẹ àti òwú fúyẹ́, wọ́n sì ń jẹ àyè. Ikùn ọkọ̀ á kún dẹ́nu nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Orí iye ẹrù tó bá wọlé ni wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀, nítorí náà ẹni tó bá lè ki ìdì mẹ́wàá sí ibi tó yẹ kó gba mẹ́jọ, ó ti fi owó ìdì méjì kún àpò olówó ọkọ̀ láìfi pákó kan kún ọkọ̀. Irun àgùntàn sì ni ọjà pàtàkì tí Sípéènì ń fi ránṣẹ́ sókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin náà ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gba ìtumọ̀ rẹ̀.

Richard Henry Dana, tó wọ ọkọ̀ láti Boston lọ sí California ní 1834, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1840. Awọ màlúù ni wọ́n ń dì ní San Diego. Wọ́n á kọ́kọ́ tò wọ́n pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lé ara wọn títí yóò fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kó kan ìtì àjà. Ibẹ̀ ni kíkì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú awọ 25 sí 50, wọ́n á ṣẹ́ wọn po láti ẹ̀yìn, wọ́n á ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí ojú ìwé, "ìwé" náà ni wọ́n sì ń pe ìdì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á la àárín awọ méjì nínú òkìtì, wọ́n á ti ẹ̀yìn "ìwé" náà bọ̀ ọ́. Òpó igi líle méjì, tí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ bí ẹnu àáké, ni wọ́n á wá ti orí rẹ̀ bọ àárín gbùngbùn "ìwé". Wọ́n á fi ọ̀rá pa ojú ibi tí yóò gbà wọlé kó lè yọ̀. Wọ́n á de kẹ̀kẹ́ okùn ńláńlá mọ́ ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi orí okùn kejì kọ́ ìtì ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, gbogbo ọwọ́ á sì máa fà á pẹ̀lú orin. Ibi tí ojú ti rí tó ní kò lè gba ẹyọ kan mọ́, awọ 100 sí 150 ń wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ orúkọ òpó yẹn: "steeve". Gẹ̀ẹ́sì ti ní "steeve", ìyẹn kí a ki ẹrù sínú ọkọ̀, tipẹ́tipẹ́ kí stevedore tó dé. Gbòǹgbò "stipare" náà ni.

Ti òwú tún le ju ti awọ lọ. Ní New Orleans, Mobile àti Galveston, àwọn èbúté òwú Amẹ́ríkà, jáàkì ni wọ́n ń lò nínú ikùn ọkọ̀. Ẹni márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, mẹ́rin ń yí jáàkì, ọ̀kan ń darí wọn. Screwmen ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ti New Orleans sì dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní 1850. Ìdì 75 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹgbẹ́ kan, kí olówó má baà lo wọ́n pa.

Ewu ibẹ̀ rèé. Bí jáàkì bá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, agbára rẹ̀ á ti àjà ọkọ̀ sókè, pákó á ya kúrò lára pákó, omi á máa jò wọlé. Bí wọn kò bá sì kì í dáadáa, àlàfo á wà, ìgbì á máa gbọn ẹrù títí yóò fi yẹ̀ sápá kan. Bí ẹrù bá ti yẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á fì sí ìhà yẹn, ìgbì tó kàn á sì tún fì í sí i. Ohun tó ń dojú ọkọ̀ dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn lágbára.

Dẹ̀jọ

Ó yé mi wàyí. Ẹ̀gbọ́n Tálì, ẹ kú iṣẹ́.

Kòkó Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n Tálì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ẹrù ni wọ́n ń kì. Stevedore tó bá ki kòkó bí òwú ti ba ọjà jẹ́.

Àpò kòkó 16 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Omi inú kóró rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ, nítorí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kòkó á bu. Ẹ wá wo ìrìn rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra ní Èkó pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún ọ̀rinrin, ó dojú kọ Yúróòpù nígbà òtútù. Bó ti ń lọ, irin ara ọkọ̀ ń tutù, kòkó inú rẹ̀ ṣì gbóná. Ọ̀rinrin á fara kan irin tútù, á di omi, á máa kán sórí àpò. Ọkọ̀ ń làágùn nìyẹn. Òjò kò rọ̀, ìgbì kò wọlé, síbẹ̀ àpò tutù.

Iṣẹ́ ẹni tó ń tò ó ni láti gba kòkó lọ́wọ́ òógùn yìí. Pákó ìpele méjì ni yóò tẹ́ sílẹ̀ kí àpò tó dé. Pákó ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi tí kòtò omi ọkọ̀ wà kí omi lè ṣàn lọ, ti òkè á wá dábùú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àpò kankan tó fara kan irin: pákó á dí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bébà líle á bo irin. Yóò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárín àpò fún afẹ́fẹ́. Àpò kan á jókòó lórí oríta àpò méjì bí ẹni ń mọ bíríkì, kí òkìtì má baà wó. Wọn kì í fi ìkọ́ fa àpò kòkó, nítorí ihò kékeré ni kóró ń gbà dànù. Wọn kì í sì gbé e nítòsí awọ, àlùbọ́sà tàbí ẹja gbígbẹ, nítorí òórùn yòówù tó bá wà nítòsí ni kòkó máa ń fà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí kò yẹ. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ní ọ̀rinrin ju ti inú lọ, ṣíṣí i á wulẹ̀ kó omi wọlé ni.

Tálì Àpápá

Kòkó Oǹdó, mo gbà láìjiyàn. Àti kíkì àti fífi àyè sílẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni: kí ẹrù dúró níbi tí a fi sí, kó sì dé láìbàjẹ́.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ti London kún un, nítorí níbẹ̀, stevedore àti docker kì í ṣe ẹnì kan náà rárá.

Ní odò Thames láyé àtijọ́, stevedore ló ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tó ń lọ sókè òkun. Docker ló ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ tó dé. Dídì gba ìmọ̀, nítorí náà stevedore ń gbowó ju docker lọ, wọ́n sì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1872. Àwọn docker ní tiwọn máa ń tò sẹ́nu géètì láràárọ̀ kí wọ́n tó yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́, ẹni tí wọn kò bá yàn á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí àwọn docker dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1889, tí Ben Tillett wà lára àwọn aṣáájú wọn, kọ́bọ̀ mẹ́fà Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí kan ni wọ́n ń béèrè. Àwọn stevedore kò ní ẹjọ́ owó kankan nílẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n jáde tẹ̀lé wọn. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ dídì ṣe kọ̀ láti ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí àwọn olówó lè fi rọ́pò wọn kíákíá. Mo ka èyí sí ohun ńlá nínú ìtàn àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn docker gba kọ́bọ̀ mẹ́fà náà.

"Longshoreman" ti Amẹ́ríkà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gígùn. "Alongshore" ni, ìyẹn létí omi, a iwájú rẹ̀ ló já bọ́. Ní Amẹ́ríkà òde òní, longshoreman ni òṣìṣẹ́, stevedore sì sábà máa ń jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Àdìó, ẹ ṣọ́ èyí gan-an tẹ́ ẹ bá ń túmọ̀ ìwé wọn.

Ìyàwó Dókà Kútọ̀nù

Lápá tiwa níbí, Faransé kì í sábà lo ọ̀rọ̀ stevedore. "Docker" ni wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́, "arrimeur" sì ni ẹni tó ń to ẹrù. Dókà náà ni gbogbo èèyàn ń sọ ní èbúté Kútọ̀nù.

Àkàndé Bahia

Ọ̀rọ̀ "estivador" gbé mi dé Brazil, nítorí àwọn ènìyàn wa wà nínú ìtàn èbúté ibẹ̀.

Ní Salvador, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń ru ẹrù láàárín èbúté àti ìgboro, ẹrú àti òmìnira. "Ganhador" ni wọ́n ń pè wọ́n. Nagô, ìyẹn Yorùbá, ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní "canto", olórí tí wọ́n fúnra wọn yàn sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbá ńlá ni wọ́n máa ń fi okùn so kọ́ òpó igi, ọ̀pọ̀ èèyàn á wá jùmọ̀ gbé e léjìká. Orin ni wọ́n fi ń bá ẹsẹ̀ wọn mu, nítorí bí ẹsẹ̀ kò bá ṣọ̀kan, àgbá á máa fì, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òpó á sì gbé ju ìpín rẹ̀ lọ.

Ní 1857, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé kí kálukú wọn gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó, kí ó sì fi àmì irin tó ní nọ́ńbà kọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, gbogbo wọn fi ẹrù sílẹ̀. Ọjà dúró, èbúté dúró, ó sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìjọba ní láti yọ owó náà kúrò. Ẹ rántí pé ọdún 22 péré ni èyí fi tẹ̀lé ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ti 1835, tí àwọn Nagô Mùsùlùmí ṣíwájú rẹ̀ ní ìlú kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má pe ganhador ní estivador o. Orí ilẹ̀ ni ganhador ti ń ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ni estivador wà. Alábàárù bá ganhador mu rẹ́gí.

Àdìó Onítumọ̀

Ẹ ti tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ó dájú pé alábàárù kò tó. Ìyá Gírámà, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá jẹ́ kíkì, ṣé a lè mú "ki ẹrù" ká fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀?

Ìyá Gírámà

Ìlànà èdè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí yóò gbé wa dé. "Kó ẹrù" ló bí akẹ́rù, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. "Ki ẹrù" á bí akẹrù. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ láìfi àmì sí. Nínú ìwé àdéhùn, ẹjọ́ nìyẹn. Atẹrùsọ́kọ̀, ẹni tó ń to ẹrù sí ọkọ̀, ni mo fara mọ́. Ó gba ti òwú, ó gba ti kòkó. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹ kọ "ilé-iṣẹ́ atẹrùsọ́kọ̀" kí ó yé wọn.

Dẹ̀jọ

Ṣé kọ̀ǹténà kò ti pa iṣẹ́ títò run báyìí?

Tálì Àpápá

Ó ṣí i nípò ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Ideal X ti gbé kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní oṣù kẹrin 1956, títò ti pín sí méjì. Apá kan wà nínú kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sí i, èyí sì lè jìnnà sí etí omi. Apá kejì wà lórí ọkọ̀: kọ̀ǹpútà ló ń ṣètò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà, wúwo nísàlẹ̀, fúyẹ́ lókè, òṣìṣẹ́ á wá fi irin dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó ni ẹrù bá parọ́ ìwọ̀n kọ̀ǹténà, èyí tó wúwo á bọ́ sókè, òkìtì á wó sínú òkun. Ìdí tí òfin àgbáyé fi pa á láṣẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2016 pé wọn kò gbọdọ̀ gbé kọ̀ǹténà tí wọn kò wọ̀n sọ́kọ̀ nìyẹn.

Àdìó Onítumọ̀

Mo fi èyí kún un: "stevedore damage" nínú ìwé àdéhùn ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹrù tí atẹrùsọ́kọ̀ bàjẹ́ ni?

Tálì Àpápá

Rárá, ọkọ̀ gan-an ni: àtẹ̀gùn ikùn ọkọ̀ tí irin kireni gbá wọ́, ìdérí tí wọ́n já lulẹ̀, pákó ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fọ́. Ẹ kọ "ìbàjẹ́ tí àwọn atẹrùsọ́kọ̀ ṣe sí ọkọ̀". Ẹ má gbàgbé àkókò ibẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àdéhùn ní kí ọ̀gá ọkọ̀ fi ìwé sọ ọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá rí i. Bó bá pẹ́, owó àtúnṣe lè ku sí olówó ọkọ̀ lọ́rùn. Bí ẹ bá sì rí "free in and out stowed" níbì kankan nínú ìwé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olówó ọkọ̀ kò ní san owó kíkó wọlé, owó jíjá àti owó títò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ kọ, torí ti títò ni àwọn tó ń túmọ̀ sábà máa ń fò.